"Fọ́tò: Google" ò lè gbà yín sílẹ̀: ẹ̀tọ́ àdàkọ fún akọ̀ròyìn

Ẹ wo ìsàlẹ̀ fọ́tò lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì ìròyìn wa. Ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ni "Fọ́tò: Google" tàbí "Fọ́tò: Facebook". Google ò ya fọ́tò kankan níbẹ̀, ó kàn júwe ibi tó wà ni. Ẹni tó bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àwòrán ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ò mọ ẹni tó ni ín, òun ò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kóun tó lò ó. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, lọ́yà ẹni tó ni fọ́tò ò ní í wá ẹ̀rí lọ jìnnà.

Lójú tèmi, olè kọ́ ló ń kó akọ̀ròyìn sí wàhálà jù, àṣà tí wọ́n bá nílé iṣẹ́ ni. Wọ́n gbà pé téèyàn bá ti dárúkọ ẹni tó ni iṣẹ́, tàbí tó mú ìwọ̀nba díẹ̀ níbẹ̀, tàbí tó kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé òun ò ní in lọ́kàn láti rú òfin, ó ti bọ́. Kò sí èyí tó parí ọ̀rọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí adájọ́ máa bi yín ni pé kí lẹ fẹ́ fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe, ṣé ìròyìn yín ò lè dúró láìsí i, ṣé ohun tẹ́ ẹ mú ò ju ohun tí ìròyìn náà nílò lọ, ṣé ẹ ò sì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó ṣe é.

Òfin tó wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ni Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023. Abala 20 rẹ̀ ló kan iṣẹ́ wa jù. Ó gba fair dealing, ìyẹn lílo iṣẹ́ oníṣẹ́ lọ́nà tó tọ́ láì gbàṣẹ, láyè fún àríwísí, fún àgbéyẹ̀wò, fún àwàdà àti yẹ̀yẹ́, àti fún ìròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ó wá ní kí ẹni tó bá lò ó ní gbangba dárúkọ iṣẹ́ náà àti ẹni tó ṣe é níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ohun mẹ́rin ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ìdí tẹ́ ẹ fi lò ó, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ohun tẹ́ ẹ mú ṣe pọ̀ tó tó sì ṣe pàtàkì tó nínú odindi rẹ̀, àti ohun tí lílò yín máa ṣe sí ọjà ẹni tó ni ín. Àwọn mẹ́rin yìí kan náà ló wà ní abala 107 òfin Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní fair use. Ẹ ó rí i pé dídárúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ ò sí lára mẹ́rin yẹn. Ó jẹ́ dandan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń sọ lílò di ẹ̀tọ́.

Ohun tẹ́nì kankan ò ni

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe dúkìá ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ epo bá gbiná lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde ò lè sọ pé òun lòun ni ìjàǹbá náà. Abala 3 òfin wa yọ èrò, ìlànà àti dátà lásán kúrò nínú ohun tí ẹ̀tọ́ àdàkọ ń dáàbò bò. Ó yọ ọ̀rọ̀ òfin àti ìwé àṣẹ ìjọba kúrò pẹ̀lú. Àdéhùn Berne, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ tí Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1993, sọ ọ́ ní tààràtà pé ìròyìn ojoojúmọ́ ò sí lára ohun tí òun ń ṣọ́.

Ká ní akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé aago márùn-ún ìdájí ni, pé nítòsí Ṣágámù ni, pé ọkọ̀ mẹ́ta jóná, pé ọ̀gá FRSC kan sọ pé eré àsápajúdé ló fà á. Gbogbo ìyẹn, ẹ mú un. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ tó ti ṣàpèjúwe bí èéfín ṣe bo ojú ọ̀nà àti bí ìyá kan ṣe ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ láàárín èrò, ìyẹn jẹ́ tiẹ̀. Bó ṣe tò ó láti òkè dé ilẹ̀ náà jẹ́ tiẹ̀. Ẹni tó bá pa ọ̀rọ̀ méjì-méjì dà nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tó sì fi ìtò yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣì wà nínú ilé onílé.

Ibí gan-an ni àwa tá a ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ ti ń ṣubú jù. Ọ̀pọ̀ ìkànnì Yorùbá máa ń mú ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀ ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kọ "láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa" sí i. Ẹ̀tọ́ láti túmọ̀ iṣẹ́ jẹ́ ti ẹni tó ni ín, àfi tó bá yọ̀ǹda. Pé èdè yí padà ò sọ ọ́ di iṣẹ́ tuntun tó jẹ́ tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìròyìn náà, ẹ kà á, ẹ kọ kókó rẹ̀ sílẹ̀ láìda gbólóhùn kankan kọ, kẹ́ ẹ sì ti ojú ewé yẹn pa. Ẹ pe alukoro ọlọ́pàá tàbí ti FRSC, ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn fúnra yín, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ kọ tiyín láti inú ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́. Ohun tó bá jẹ́ ìwé ìròyìn yẹn nìkan ló rí i gbà, ẹ fi orúkọ wọn sí i ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde gan-an, kì í ṣe nísàlẹ̀ pátápátá níbi tẹ́nì kan ò ní í kà dé. Ìpè kan ṣoṣo yẹn máa ń mú nǹkan wá tí ìròyìn àkọ́kọ́ ò ní, tí yóò sì jẹ́ kó di tiyín lóòótọ́.

Ètò ìwé ìròyìn kíkà tí rédíò wa ń ṣe láàárọ̀ ńkọ́? Òfin fọwọ́ sí i dé ìwọ̀n kan. Abala 20 gbà kí èèyàn ka apá tó bọ́gbọ́n mu nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde sórí afẹ́fẹ́, bó bá ti dárúkọ ibi tó ti mú un. Àkòrí ìròyìn, gbólóhùn bíi méjì tàbí mẹ́ta, kí atọ́kùn ètò sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé e: kò séwu níbẹ̀. Ewu wà níbi tí atọ́kùn ti ka odindi ìwádìí tí ìwé ìròyìn kan fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tàbí tó ka gbogbo ọ̀rọ̀ oǹkọ̀wé kan tó ní ojú ewé tirẹ̀, tí wọ́n wá gbé ohùn ètò náà sórí YouTube àti Facebook. Lórí afẹ́fẹ́ ó ti kọjá lọ. Lórí YouTube ó wà níbẹ̀ títí, ó ń pa owó, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ọ tán ò nídìí láti ra ìwé ìròyìn náà mọ́. Ohun kẹrin tí òfin fi ń wọ̀n ọ́n nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá máa gbé ètò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ gé ibi tí kíkà ti gùn, ẹ fi ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ lé e lórí sílẹ̀.

"Díẹ̀ ni mo mú"

Ẹjọ́ tó yẹ kí gbogbo olóòtú mọ̀ ni ti Harper & Row (ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé) àti The Nation (ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà). Ní 1979, ẹ̀dà ìwé tí Gerald Ford, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, fẹ́ fi sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tẹ The Nation lọ́wọ́ kó tó jáde. Ìwé náà tó ọ̀rọ̀ 200,000. Ohun tí wọ́n dà kọ nínú rẹ̀ ò ju nǹkan bí 300 sí 400 ọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Time, ìwé ìròyìn míì, ti ṣàdéhùn $25,000 láti kọ́kọ́ tẹ apá kan ìwé yẹn jáde, ó sì ti san ìdajì. Bí The Nation ṣe gbé e jáde, Time yọwọ́, kò san $12,500 tó kù. Ní 1985, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá The Nation lẹ́bi. Ohun tí wọ́n mú kéré, àmọ́ òun gan-an ni àwọn èèyàn máa torí ẹ̀ ra ìwé náà: ibi tí Ford ti sọ ìdí tó fi dárí ji Nixon, ààrẹ tó wà kó tó dé. Ìwé ọ̀hún ò sì tíì jáde rárá, ìyẹn sì wúwo sí wọn lọ́rùn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ìwé olóṣèlú kan tí wọn ò tíì ṣí lójú agbo ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ibi tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu olóṣèlú náà jáde gan-an ni ìròyìn, ẹ fa ìyẹn nìkan yọ. Ẹ má fi síkírínṣọ́ọ̀tì ojú ewé mẹ́fà sábẹ́ ìròyìn.

Ti fídíò ò yàtọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé èyí tí kò bá ti pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ò lófin. N ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, kò sí nínú òfin orílẹ̀-èdè kankan tí mo mọ̀. Ní 2016, àjọ tó ń darí eré kíríkẹ́ẹ̀tì ní England àti Wales pẹ̀lú Sky gbé àwọn tó ni áàpù kan lọ sí kóòtù ní London, nítorí pé áàpù náà ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa pín fídíò eré kiri. Ìṣẹ́jú àáyá 8 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ ní ó pọ̀ tó, torí ibi tó dùn jù nínú eré ni wọ́n ń gé, àti pé fídíò náà wà fún wíwò ni, kì í ṣe fún ìròyìn. Ẹ lè sọ bí góòlù ṣe wọlé, ẹ lè ya àwòrán rẹ̀ sórí pátákó, ẹ lè fọ̀rọ̀ wá agbábọ́ọ̀lù lẹ́nu wò. Fídíò góòlù náà, ẹni tó ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ni ín.

Fọ́tò ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé odindi rẹ̀ lèèyàn máa ń lò, ìwé ìròyìn gan-an sì ni ọjà tí ayàwòrán ń tà á sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìròyìn ní London, ẹ ṣọ́ra gidi: abala 30 òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1988 gba fair dealing láyè fún ìròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó yọ fọ́tò kúrò pátápátá. Òfin Nàìjíríà ò yọ fọ́tò bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun mẹ́rin yẹn ṣì ń dúró dè yín. Ibi tí fair dealing ti rọrùn fún fọ́tò ni ibi tó jẹ́ pé fọ́tò náà gan-an ni ìròyìn. Bí gómìnà bá gbé àwòrán kan síta pé àwọn ti parí afárá, tẹ́nì kan sì fi hàn pé Photoshop ni wọ́n fi ṣe é, ẹ gbọ́dọ̀ fi àwòrán náà han àwọn òǹkàwé. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń wá àwòrán afárá tó dáa láti fi ṣe ìròyìn lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ lọ yà á tàbí kẹ́ ẹ rà á.

Béèyàn ṣe ń gbàṣẹ

Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Haiti ní oṣù kìíní ọdún 2010, Daniel Morel, ayàwòrán ọmọ Haiti, gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ Twitter. Ẹlòmíì dà wọ́n kọ bíi pé òun ló yà wọ́n. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni ilé iṣẹ́ ìròyìn Agence France-Presse ti mú wọn, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ káàkiri ayé pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe ti Morel, Getty, ilé iṣẹ́ tó ń ta fọ́tò, náà sì ń tà wọ́n. Wọ́n ní àdéhùn Twitter gbà káwọn lò ó. Kóòtù New York ò gbà. Ní 2013, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní kí ilé iṣẹ́ méjèèjì san mílíọ̀nù 1.2 dọ́là owó gbà-má-bínú fún fọ́tò mẹ́jọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn ò bi ẹni tí wọ́n ti gbà á: ṣé ìwọ lo yà á?

Iṣẹ́ tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó gbé fídíò síta rèé:

"Ẹ kú ewu iná àná o. Akọ̀ròyìn ni mí ní (orúkọ ilé iṣẹ́). Mo rí fídíò tẹ́ ẹ gbé sórí Facebook. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ yà á? Ibo lẹ dúró sí, aago mélòó ló lù? Bó bá jẹ́ tiyín, ṣé ẹ gbà ká lò ó lórí rédíò, lórí ìkànnì wa àti lórí YouTube? Orúkọ wo lẹ fẹ́ ká kọ sí i? Bẹ́ ẹ bá ń gba owó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ iye."

"OK" lásán ò tó bí kò bá dáhùn pé òun ló yà á. Ẹ ní kó fi ojúlówó fídíò náà ránṣẹ́ bíi document lórí WhatsApp, torí WhatsApp máa ń nu ọjọ́, àkókò àti ibi tí wọ́n ti yà á kúrò lára fọ́tò tàbí fídíò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lásán. Bí kò bá ní ojúlówó, tó jẹ́ pé èyí tó ti gba ọwọ́ mẹ́wàá kọjá ló ní, ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ pa mọ́ pẹ̀lú ìròyìn náà, kì í ṣe sórí fóònù akọ̀ròyìn kan ṣoṣo tó lè fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la.

Ẹ má gé lógò tàbí orúkọ kúrò lára àwòrán. Èyí tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ lè san láti $2,500 sí $25,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òfin tiwa ti 2022 náà sì ka yíyọ irú àmì bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ lórí iṣẹ́ orí ẹ̀rọ.

Fọ́tò Creative Commons, ìyẹn èyí tí ẹni tó ni ín ti yọ̀ǹda fún gbogbo èèyàn pẹ̀lú àwọn àdéhùn kan, dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sí i: àkòrí rẹ̀, orúkọ ẹni tó yà á, líǹkì ibi tó wà, àti irú láísẹ́ǹsì náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tó bá ní NC lára kì í ṣe ti òwò, èyí tó bá ní ND kò gba àtúnṣe. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa wá ẹni tó gbàgbé ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn, pàápàá lórí láísẹ́ǹsì 2.0. Èyí tó jẹ́ 4.0 fún èèyàn ní ọjọ́ 30 láti tún un ṣe lẹ́yìn tó bá ti mọ̀.

Orin tó ń dún lẹ́yìn

Bẹ́ ẹ bá ń ya fídíò níbi òde, tí fújì ń dún kíkankíkan lẹ́yìn gómìnà tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ Content ID, tí YouTube fi ń wá iṣẹ́ oníṣẹ́ nínú fídíò, máa gbọ́ orin yẹn. Ẹ̀rọ ò mọ fair dealing. Ẹ mú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kúrò nítòsí ibi tí orin ti ń dún, ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí gbohùngbohùn tó so mọ́ ọn láyà, ẹ má sì po ohùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ariwo òde nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é ní stúdíò. Nígbà náà, bí wàhálà bá dé, ẹ lè yọ orin kí ọ̀rọ̀ ṣì wà.

Content ID claim (pé ẹlòmíì ló ni orin tó wà nínú fídíò yín) kì í ṣe strike (ìjìyà tí YouTube ń fún ojú òpó tó rú ẹ̀tọ́ àdàkọ). Claim lè gbé owó ìpolówó yín fún olórin tàbí kó dí fídíò náà pa. Ẹ lè gé ibẹ̀, ẹ lè pa ohùn ibẹ̀, ẹ sì lè jà á níyàn. Bẹ́ ẹ bá jà á níyàn, ẹni tó ní tòun ni ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ sọ ìṣẹ́jú tí orin náà ti dún, ẹ sọ ìròyìn tẹ́ ẹ ń ṣe níbẹ̀, ẹ sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ fi orin sí i. "Fair use ni" nìkan kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Strike ló burú: mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, wọ́n lè ti ojú òpó náà pa. Counter notification, ìwé tẹ́ ẹ fi ń ta ko ẹ̀sùn, ló ń dáhùn strike, àmọ́ orúkọ àti àdírẹ́sì yín máa dé ọwọ́ ẹni tó fẹjọ́ sùn, ẹ ó sì ti gbà pé kóòtù Amẹ́ríkà lè pè yín. Bí kò bá gbé yín lọ sí kóòtù láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14, fídíò yín lè padà. Ẹ fi han lọ́yà kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ère tó wà ní gbangba, irú ère Mọrèmi n'Ilé-Ifẹ̀, kò séwu láti yà sínú fídíò. Òfin gbà á.

Bó bá jẹ́ tiyín ni wọ́n mú

Iṣẹ́ yín ti ní ààbò látìgbà tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ tàbí yà á, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ló ni ohun tó tà fún ìwé ìròyìn, àfi tó bá buwọ́ lùwé pé òun gbé ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀. Òfin ò mọ̀ ọ́n sí gbígbé ẹ̀tọ́ sílẹ̀ lẹ́nu lásán. Ẹ ka ìwé àdéhùn dáadáa: láti fún wọn láyè kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí "all rights" (gbogbo ẹ̀tọ́), owó méjèèjì ò sì yẹ kó dọ́gba.

Ẹ tọ́jú fáìlì tó ti inú kámẹ́rà jáde. Bí wọ́n bá mú un, ẹ kọ́kọ́ ya síkírínṣọ́ọ̀tì ojú ewé náà pẹ̀lú líǹkì àti ọjọ́, kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, torí wọ́n lè yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n á sì ní irọ́ ni. Ẹ wá fi ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú iye tẹ́ ẹ ń gbà fún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń parí síbẹ̀. Bí kò bá parí, òfin 2022 jẹ́ kẹ́ ẹ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ lè fẹjọ́ sun Nigerian Copyright Commission. NCC làwọn náà ń jẹ́, kẹ́ ẹ má lọ kọ̀wé sí NCC ti tẹlifóònù. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìkànnì Amẹ́ríkà ló mú iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jáde ní Nàìjíríà, ẹ lè pè wọ́n lẹ́jọ́ níbẹ̀ láì forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí kóòtù tó lè fún yín ní owó tí òfin ti là sílẹ̀, láti $750 sí $30,000 lórí iṣẹ́ kan, tàbí títí dé $150,000 bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní U.S. Copyright Office kí wọ́n tó mú un, tàbí láàárín oṣù mẹ́ta sígbà tẹ́ ẹ gbé e jáde. Ẹni tó bá ya fọ́tò ìwọ́de tàbí ìbò tí gbogbo ayé ń wá, kó má jẹ́ kí oṣù mẹ́ta yẹn kọjá.